Ṣàngó Kì Í Ṣe Zeus Yorùbá

Ní sáà ẹ̀kọ́ kan tí kò tíì pẹ́, mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní SS2 ní ìbéèrè kan tí mo rò pé kò le rárá: "Ta ni Ògún?" Ìjàn-Èkìtì ni a wà. Ìrè tí Ògún gbé wọlẹ̀ kò jìnnà sí wa, inú Ìpínlẹ̀ Èkìtì kan náà ni. Mo ń retí ìtàn agbè ẹmu. Mo ń retí alágbẹ̀dẹ, ọdẹ àti awakọ̀. Ohun tí mo bá nínú ìwé tó ju ìdajì lọ ni gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ògún ni Mars ti àwọn Yorùbá."

Mo pe ọ̀kan nínú wọn. Mo ní, "Ta wá ni Mars?" Ó ní, "Òrìṣà ogun ni, sà." Mo ní, "Òrìṣà àwọn ta ni?" Ó wojú mi, ó dákẹ́. Ọmọ náà fi ohun tí kò mọ̀ ṣàlàyé ohun tó yẹ kó mọ̀.

Nígbà tí mo wádìí, mo rí i pé inú ìwé pélébé kan tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀. Ní apá òsì ni Zeus, Ares, Hermes, Apollo, Aphrodite àti Poseidon wà, pẹ̀lú orúkọ tí àwọn ará Róòmù ń pè wọ́n. Ní apá ọ̀tún ni Ṣàngó, Ògún, Èṣù, Ọ̀rúnmìlà, Ọ̀ṣun àti Olókun wà. Àmì ìdọ́gba ni wọ́n fi sí àárín wọn, bí ẹni ń ṣe ìṣirò.

Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè kejì: "Kọ ohun tí o mọ̀ nípa Olósùnta." Àwọn kan wà nínú kíláàsì yẹn tí ìyá wọn jẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́. Èyí tó kọ jù nínú wọn kọ pé òkúta ńlá kan ni. Olósùnta kò sí nínú ìwé pélébé náà, nítorí pé kò sí Gíríìkì tí a lè fi dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ẹ jẹ́ kí a pa àmì ìdọ́gba yẹn rẹ́. Ó ń ba ìmọ̀ wa nípa òrìṣà tó wà nínú ìwé jẹ́, ó sì ń pa èyí tí kò sí níbẹ̀ run.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò bá ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù jà. Ìtàn tó dùn ni, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ka Homer, kó kà á. Èyí tó bá fẹ́ mọ ìdí tí oṣù kìíní ọdún fi ń jẹ́ January, kó mọ̀ pé Janus, òrìṣà ẹnu ọ̀nà tó ní ojú méjì ní Róòmù, ni wọ́n fi sọrí. Ìmọ̀ kì í pọ̀ jù. Ohun tí mo ń bá jà ni kí a máa fi òṣùwọ̀n ilé onílé wọn ọmọ ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí àmì ìdọ́gba yìí ti wá. Àwọn Gíríìkì fúnra wọn ló ti ń lò ó tipẹ́. Nígbà tí Herodotus òpìtàn dé Íjíbítì, Zeus ló pe Amun tí àwọn ará ibẹ̀ ń bọ. Àwọn ará Róòmù gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì mú un lọ sójú ogun. Nígbà tí Julius Caesar ṣẹ́gun ilẹ̀ àwọn Gaul, èyí tó di Faransé lónìí, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé Mercury ni wọ́n ń bọ jù lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni Apollo, Mars, Jupiter àti Minerva. Kò dárúkọ òrìṣà Gaul kan ṣoṣo níbẹ̀ bí àwọn onílé ṣe ń pè é. Ó tún sọ pé àwọn àwòrò wọn kì í kọ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wọn sílẹ̀, orí ni wọ́n ń kó o sí, gẹ́gẹ́ bí àwọn babaláwo wa.

Kí ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀? Ìtàn tí àwọn Gaul ń sọ nípa òrìṣà wọn, láti ẹnu ara wọn, kò kù sílẹ̀. Ère wà, orúkọ wà lára òkúta, ṣùgbọ́n ìtàn ti lọ. Ọ̀rọ̀ aṣẹ́gun ni ó kù, orúkọ òrìṣà aṣẹ́gun ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, ǹjẹ́ ẹ kò rí nǹkan kan níbẹ̀ tó yẹ kó bà wá lẹ́rù?

Ẹ tún wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Jámánì àtijọ́. Tacitus kọ ọ́ pé Mercury ni àwọn náà ń bọ jù. Woden ni ó ní lọ́kàn. Ìdí nìyí tí ọjọ́ tí àwọn ará Róòmù fi sọrí Mercury fi di ọjọ́ Woden ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a ń pè ní Wednesday, tí ọjọ́ Jupiter sì di ọjọ́ Thor, Thursday. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìdọ́gba yìí wò. Mercury jẹ́ ìránṣẹ́ ní Róòmù, Jupiter sì ni olórí àwọn òrìṣà. Ní ilẹ̀ àwọn tó ń bọ wọ́n, Woden ni olórí, ọmọ rẹ̀ sì ni Thor tó ń sán àrá. Àmì ìdọ́gba sọ bàbá di ìránṣẹ́, ó sì sọ ọmọ di olórí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń rí nígbà tí àlejò bá ń sọ onílé lórúkọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì náà mọ irú rẹ̀. Nínú Ìṣe àwọn Àpósítélì, orí kẹrìnlá, àwọn ará Lísírà rí i pé Pọ́ọ̀lù mú arọ kan lára dá. Lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi orúkọ olórí òrìṣà wọn pe Bánábà, wọ́n sì fi orúkọ ìránṣẹ́ rẹ̀ pe Pọ́ọ̀lù, nítorí òun ni ó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti mú màlúù wá láti fi rúbọ kí àwọn méjèèjì tó fa aṣọ ya. Àwọn ará Lísírà kò ní inú burúkú. Ohun tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi bo ohun tuntun tó wà níwájú wọn, wọn kò sì gbọ́ ohun tí àwọn àlejò náà wá sọ.

Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ní ọdún 1910, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius wá sí Ilé-Ifẹ̀. Ó rí àwọn orí alámọ̀ àti orí tí a fi idẹ rọ tí a ń pè ní orí Olókun. Ẹwà iṣẹ́ náà yà á lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò lè gbà pé bàbá ńlá àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ ni ó ṣe é. Ó ní Olókun ni Poseidon, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì. Bẹ́ẹ̀ sì ni Plato ti sọ pé Poseidon ni ó ni Atlantis, erékùṣù tí omi bò mọ́lẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, Frobenius kéde fún gbogbo ayé pé òun ti rí Atlantis ní ilẹ̀ Yorùbá, pé àwọn tó wá láti òkè òkun ló kó ọgbọ́n yìí wá. Ẹ wò ó dáadáa: àmì ìdọ́gba láàárín Olókun àti Poseidon ni àtẹ̀gùn tí ó gùn kí ó tó lè gba iṣẹ́ ọwọ́ wa lọ́wọ́ wa. Inú ìwé pélébé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni àtẹ̀gùn yẹn ṣì wà títí di òní.

Ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ní ọdún 1938, àwọn kan ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, wọ́n sì hú orí idẹ tó lé ní mẹ́wàá jáde. Àwọn onímọ̀ gbà lónìí pé àwọn ọmọ Ifẹ̀ ló ṣe wọ́n, láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún 12 sí 15. Kò sí Gíríìkì kankan níbẹ̀.

Ní àsìkò tí Frobenius ń wá Atlantis ní Ifẹ̀ gan-an, gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà ní apá gúúsù Èkìtì wa níbí. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, ó ń gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ó ya ọba sórí ìlẹ̀kùn, ó sì ya òyìnbó tí wọ́n fi àwọ̀n gbé wá kí ọba. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá kan ní Wembley ní ọdún 1924. Nígbà tí wọ́n fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé Gíríìkì ló gbẹ́ ẹ, nítorí pé a mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, a sì mọ ìlú rẹ̀. Ohun tí a bá mọ orúkọ rẹ̀ kì í tètè sọnù.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìwé pélébé náà, kí a yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní Ṣàngó ni Zeus, nítorí pé àwọn méjèèjì ń sán àrá. Àrá nìkan ni wọ́n rí. Zeus kò fi ìgbà kan jẹ́ ènìyàn. Ọmọ Kronos ni, ó gba ìjọba lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ sì ṣẹ́ gègé láti pín ayé, ojú ọ̀run ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé Ṣàngó jẹ́ ọba, pé Aláàfin ni. Ó ní ìlú, ó ní ìjòyè, ó ní ọ̀tá, ó sì ní àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ pé ọba so tàbí ọba kò so ni gbogbo ẹ̀sìn rẹ̀ dúró lé. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ọba ni, kò lè mọ ohun tí ariwo "Kábíyèsí" ń ṣe lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbà tí àrá bá sán.

Wọ́n ní Ògún ni Ares tàbí Mars. Ta wá ni yóò jẹ́ alágbẹ̀dẹ? Hephaestus ni ní ilẹ̀ Gíríìsì, arọ tí wọ́n jù sílẹ̀ láti orí òkè Olympus. Ta ni yóò jẹ́ ọdẹ? Obìnrin ni, Artemis. Ta ni onílé ojú ọ̀nà? Hermes ni. Kí a tó rí Ògún kan ṣoṣo kó jọ, a ní láti pe Gíríìkì mẹ́rin. Wọlé Ṣóyínká pàápàá, nígbà tó ń ṣàlàyé Ògún fún àwọn tó mọ ti Gíríìkì, mẹ́ta ló kó pọ̀: Dionysus, Apollo àti Prometheus. Kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó wọ Ìrè ní ọjọ́ tí àwọn ènìyàn kò gbọdọ̀ fọhùn, tó bá agbè ẹmu lófìfo, tó bínú bẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí, tí ojú rẹ̀ wá là, tó sì fi ìbànújẹ́ wọlẹ̀. Inú ìtàn yẹn ni ẹ̀kọ́ nípa ìbínú wà. "Òrìṣà ogun" kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan.

Wọ́n ní Ọ̀ṣun ni Aphrodite tàbí Venus, nítorí ẹwà. Hesiod sọ pé inú ìfófòó òkun ni wọ́n ti bí Aphrodite. Odò ni Ọ̀ṣun. Ìgèdè-Èkìtì wa níbí ni ó ti ṣẹ̀ wá, kí ó tó dé Òṣogbo, kí ó tó máa lọ sí ọ̀sà. Àwọn tó ń tọrọ ọmọ, àwọn tó ń fi omi tútù tọ́jú ọmọ, ni wọ́n ń ké pè é. Ẹni tó bá fi Venus pè é ti gbẹ odò náà.

Wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ni Apollo. Ní Delphi, níbi tí àwọn Gíríìkì ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Apollo, obìnrin kan ni òrìṣà máa ń gùn, ohun tó bá sì ti ẹnu rẹ̀ jáde ni ìdáhùn. Òrìṣà kì í gun babaláwo. Ó ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí ikin, ó ń wo odù tó yọ nínú 256, ó sì ń ki ẹsẹ̀ tó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́. Ẹ̀kọ́ ni Ifá. Ìdí nìyẹn tí UNESCO fi ka Ifá mọ́ àwọn àkànṣe ohun àjogúnbá ọmọ aráyé ní ọdún 2005. Ṣé a wá fẹ́ kọ́ ọmọ wa pé Apollo ni?

Èyí tó sún mọ́ra jù ni Èṣù àti Hermes, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ń jíṣẹ́, àwọn méjèèjì gbọ́n ẹ̀wẹ́. Àwọn Gíríìkì ń ri òkúta Hermes mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àti ààlà ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé yangí Èṣù sí oríta. Ṣùgbọ́n Hermes ni ó ń mú òkú lọ sí ilé àwọn òkú, iṣẹ́ yẹn kò sí lọ́wọ́ Èṣù. Èṣù ni ó ń gbé ẹbọ rọ̀run, bí kò bá gbà á, ẹbọ kò dà. Àwa sì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kọ́gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ Èṣù. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ọ̀tá Ọlọ́run. Láti ìgbà náà títí di òní, a kò tíì rí Èṣù yọ lábẹ́ orúkọ tí wọ́n gbé bò ó. Ìdọ́gba kan ṣoṣo ló ṣe èyí. Mẹ́fà ni ó wà nínú ìwé pélébé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ìpín. Àwọn Gíríìkì ní obìnrin mẹ́ta tí ń rán òwú ayé ènìyàn: Clotho ń ran án, Lachesis ń wọ̀n ọ́n, Atropos ń gé e. Nínú ìtàn Homer, Zeus fúnra rẹ̀ ń wò nígbà tí wọ́n pa Sarpedon ọmọ rẹ̀, nítorí ìpín ọmọ náà ti pé. Yorùbá ní ẹni kọ̀ọ̀kan ló lọ yan orí nílé Àjàlá. Bí orí kò bá sì dára, a lè bọ ọ́, a lè rúbọ, a lè fi ẹsẹ̀ àti ìwà tún un ṣe. Ìmọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí nípa ohun tí ènìyàn lè ṣe sí ayé rẹ̀.

Ọlá Rótìmí mọ èyí. Ní ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré rẹ̀, The Gods Are Not to Blame, ní Ifẹ̀. Ní ọdún 1971 ni ìwé rẹ̀ jáde. Inú ìtàn Oedipus tí Sophocles kọ ni ó ti mú egungun eré náà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń sọ fún ọmọ pé Oedipus tó wọ agbádá ni Ọdẹ́wálé, wọ́n á sì pa ìwé dé. Ẹ tún un kà. Ọdẹ́wálé pa Adétúsà lórí ilẹ̀ oko, nítorí pé àgbàlagbà náà tàbùkù ẹ̀yà rẹ̀. Àsìkò ogun abẹ́lé Nàìjíríà ni Rótìmí ń kọ ìwé náà. Ẹjọ́ ìkórìíra ẹ̀yà sí ẹ̀yà ni ó ń dá, ó sì ní kí a má di ẹrù rẹ̀ lé orí àwọn òrìṣà. Ìbéèrè kan tún wà tí ọmọ Yorùbá nìkan ló lè bi ìwé náà: níbo ni ẹbọ wà? Babaláwo tó bá rí ibi yóò sọ ohun tí a ó fi tún un ṣe. Nínú eré yìí, kí wọ́n pa ọmọ ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó là sílẹ̀. Ṣé Ifá ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí Gíríìkì ló ń gba ẹnu Ifá sọ̀rọ̀? Ẹ bi kíláàsì yín léèrè, kí ẹ sì wo bí wọ́n ṣe máa jí. Àmì ìdọ́gba ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè.

Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan náà ṣe ohun kan tó yẹ kí a kọ́. Nígbà tó sọ ìtàn àwọn obìnrin Troy di ti Òwu nínú Women of Owu, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004, kò gbé Olókun síbi tí Poseidon dúró sí. Anlugbua ni ó pè, ẹni tí àwọn Òwu fúnra wọn mọ̀. Ó lọ bi ìlú náà pé òrìṣà wo ló ni wọ́n.

Ohun tó burú jù nínú ìwé pélébé nìyẹn. Àwọn òrìṣà mẹ́fà tó wà níbẹ̀ ṣì rí ojú díẹ̀. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ńkọ́? Òkè Olósùnta ga lórí Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó bá ń kọjá lọ sí Àkúrẹ́ kò lè ṣàìrí i. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní Èkìtì, láti Ìsẹ̀ dé Ẹmùré, ló ní tirẹ̀, òkè, odò, igbó tàbí akọni tó di ẹni àpésìn. Wọn kò jọ Gíríìkì kankan, nítorí náà wọn kò rí ààyè nínú ìlà méjì. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé kò ní sí nínú ìdánwò, ohun tí kò bá sì sí nínú ìdánwò, ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe é.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Àwọn olùkọ́ kan yóò ní ìfiwéra ń mú kí ẹ̀kọ́ tètè yé ọmọ. Òótọ́ ni, bí ọmọ bá mọ ọ̀kan nínú ohun méjì tí a ń fi wé ara. Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ èyíkéyìí. Èmi náà ń ṣe ìfiwéra, ṣùgbọ́n ìtàn ni mo ń fi wé ìtàn. Bí àpẹẹrẹ, àwọn àgbẹ̀ wa máa ń rí òkúta pélébé tó mú lẹ́nu nínú oko, wọ́n á ní ẹdùn àrá ni. Àwọn ará Róòmù náà rí irú rẹ̀, Pliny sì kọ nípa òkúta tí wọ́n gbà pé àrá ni ó ni ín. Àáké àwọn ará ìgbà láéláé ni púpọ̀ nínú wọn. Kí ló fà á tí ènìyàn méjì tí wọn kò mọ ara wọn fi ro ohun kan náà? Ìfiwéra tó ń bí ìbéèrè nìyẹn. Àmì ìdọ́gba ń pa ìbéèrè.

Àwọn mìíràn yóò ní ìbọ̀rìṣà ni mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ. Bàbá akẹ́kọ̀ọ́ kan tilẹ̀ wá bá mi nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá lórí Olósùnta. Ó ní, "Tíṣà, mi ò rán ọmọ mi wá kọ́ irú èyí." Mo ní kí a jọ ṣí ìwé ọmọ náà. Ojú ewé mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lórí Zeus, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àlè rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò bínú sí èyí." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn yẹn ti kú."

Ọ̀rọ̀ bàbá náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ìjọ ni èmi náà, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni bọ nǹkan kan. Lóòótọ́, Theodosius ọba Róòmù fi òfin de ìbọ àwọn òrìṣà ìgbàanì ní nǹkan bí ọdún 391 sí 392. Ṣùgbọ́n ìtàn wọn kò kú, nítorí pé Homer, Hesiod àti Ovid ti wà nínú ìwé. Àwọn Kristẹni ló sì da ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí kọ, tí wọ́n tọ́jú wọn fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀. Wọn kò bọ Zeus, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ìtàn rẹ̀ parẹ́. Tiwa kò tíì kú, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè, a lè wọ ọkọ̀ lọ bá wọn kí a sì padà wálé lọ́jọ́ kan náà. Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá kú tán kí wọ́n tó yẹ ní kíkọ́?

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ní ná wa lówó. Ẹ pa ìlà méjì yẹn rẹ́. Kí ẹ tó kọ́ ọmọ ní òrìṣà tó wà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ẹ bi í léèrè èyí tó wà ní ìlú ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó lọ bi àgbà, kí ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ó kọ ọjọ́ àti ibi tó ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìtàn Gíríìkì fún un bí ó bá wù yín. Yóò mọ ibi tí ó dúró sí nígbà náà.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ní tèmi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tún ìbéèrè kejì ṣe. Ọmọbìnrin kan lọ bá ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ó kọ ojú ewé mẹ́rin wá. Ọmọkùnrin kan kọ tirẹ̀, èyí tó gbọ́ sì yàtọ̀ sí ti ọmọbìnrin náà níbi mélòó kan. Odindi àkókò ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n fi bá ara wọn jiyàn, ẹni kọ̀ọ̀kan ń gbè sí ẹ̀yìn àgbà tirẹ̀, agogo lù, wọn kò dìde. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ Yorùbá, n kò sì rí irú rẹ̀ rí lórí Mars.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọlé.